Dísì màmá yín ní Ìtòkò: ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí páànù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kánádà tí ẹ ń béèrè bóyá kí oníṣẹ́ de dísì DStv màmá yín mọ́ páànù ilé wọn ní Ìtòkò, Abẹ́òkúta. Ẹ má gbà fún un. Ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ torí pé iṣẹ́ ibẹ̀ yá: á lu ihò mẹ́rin, á gbowó, á lọ. Tí òjò bá dé, ilé á máa jò, ẹ ó sì tún sanwó fún káfíńtà. Páànù tún máa ń mì bí atẹ́gùn bá ń jà, bẹ́ẹ̀ dísì kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ rárá.

Ojú ọ̀run ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Sátẹ́láìtì DStv wà ní 36° ìlà-oòrùn. Láti Abẹ́òkúta, dísì á kọjú sí nǹkan bí 101° lórí kọ́ńpáàsì, ìyẹn ìlà-oòrùn tó yà díẹ̀ sí gúúsù, á sì gbójú sókè ní nǹkan bí 51°. Tí ẹ bá rí i tó dà bí ẹni pé ó nàró ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú lásán tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ẹ ní kí ọmọ ilé kan dúró síbi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí, kó kọjú sí 101° yẹn, kó fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kó má dúró ti páànù tàbí irin, torí wọ́n ń ṣi kọ́ńpáàsì fóònù lọ́nà. Igi máńgòrò níhà ibẹ̀ tó bá fi mítà 10 ga ju dísì lọ gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó mítà 10. Mítà 8 gan-an ni ààlà, ṣùgbọ́n igi kì í yéé dàgbà. Bí ilẹ̀ òfìfo bá wà níhà ibẹ̀, ẹ wádìí ẹni tó ni ín, kó má lọ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dí yín lójú.

Ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló dára jù, bó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù. Kí wọ́n ki bóòtù sí ara òpó kọnkéré, kì í ṣe inú búlọ́ọ̀kù oníhò. Ṣùgbọ́n àwọn ilé àtijọ́ ní Ìtòkò àti Ìkìjà, amọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, sìmẹ́ǹtì kàn bò ó lójú ni. Bóòtù kì í dúró nínú amọ̀. Páìpù irin ni kí wọ́n rì: fífẹ̀ ínṣì 2, gígùn mítà 2, kí 60 sẹ̀ǹtímítà wọlẹ̀, kọnkéré sìmẹ́ǹtì 1, iyanrìn 2, òkúta 4. Kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbé dísì kọ́ ọ. Bí wọ́n bá kan àpáta (ní ìlú Ẹ̀gbá, wọn á kàn án), kí wọ́n jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ìdí páìpù, kí wọ́n fi bóòtù mẹ́rin dè é mọ́ àpáta náà. Kí wọ́n ta okùn olókùúta wò ó, bóyá páìpù dúró ṣánṣán. Páìpù tó bá wọ́, bí wọ́n ṣe ń yí dísì sọ́tùn-ún sósì ni gíga ojú rẹ̀ á máa yí pa dà, wọn ò sì ní mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Wáyà RG6 (irú wáyà dísì) ni kí wọ́n lò láti dísì dé dẹ̀kódà, odindi kan tí kò ní ìsopọ̀, kó má ju mítà 30 lọ. Kó kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ kó tó wọ inú ilé, kí omi òjò lè kán síta. Omi tó bá wọ ẹnu wáyà ló ń ba àwòrán jẹ́ lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba fọ́tò ojú ìwé sígínà nínú dẹ̀kódà. Bí agbára sígínà (Signal Strength) bá ga tí ojúlówó rẹ̀ (Signal Quality) sì jẹ́ òdo, sátẹ́láìtì míràn ni dísì ń wò.

Ní àárín oṣù Kẹta àti ìparí oṣù Kẹsàn-án, àwòrán lè lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín aago 10 sí 10:30 àárọ̀. Oòrùn ló bọ́ sẹ́yìn sátẹ́láìtì. Á pa dà wá fúnra rẹ̀. Bí màmá bá pè pé E48-32 (àmì pé sígínà kò wọlé) ló hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ pe oníṣẹ́. Bó bá jẹ́ E16, dísì kò lẹ́jọ́. Owó oṣù ló tán, ẹ san án láti ibi tí ẹ wà.