Iyọ̀ rẹ ò tíì pọ̀ tó

Àbúrò wa tó ń wá Halobacterium, ẹ̀dá aláìfojúrí pupa tó ń gbé inú iyọ̀, tó ní òun fọ́n iyọ̀ ọjà sórí nutrient agar (oúnjẹ dídì tí a fi ń sin irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀) tó ní iyọ̀ 10%, tí ohunkóhun ò hù láti ọjọ́ mẹ́rin, pẹ̀lẹ́. Ohun tó ṣe ọ́ yìí ṣe èmi náà nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, oṣù mẹ́ta gbáko ló sì jẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

Iyọ̀ inú agar rẹ ló kéré. Mo mọ̀ pé ó jọ àwàdà, torí omi òkun fúnra rẹ̀ ò ju nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan lọ. Àmọ́ lójú Halobacterium, 10% omi lásán ni. Purotéènì tó bo ara rẹ̀, iyọ̀ ló dì í pọ̀. Tí iyọ̀ bá ti dín, á tú ká bí ìgbálẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Ohun tí mo ń pò sínú lítà omi kan rèé: NaCl gíráàmù 250, magnesium sulphate 20, trisodium citrate 3, KCl 2, peptone (purotéènì tí wọ́n ti dà láti fi ṣe oúnjẹ fún wọn) 10, kí agar tó wọ̀ ọ́.

Peptone yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Mo ti tún iyọ̀ ṣe, síbẹ̀ kò sí nǹkan. Inú ẹran ni peptone mi ti wá, àwọn kan sì máa ń ní ìyókù òróòro nínú. Òróòro yìí máa ń yọ́ irú ẹ̀dá yìí dànù pátápátá. E. coli, bakitéríà inú ìfun, ń hù dáadáa lórí agar tí kò níyọ̀ púpọ̀ tí mo fi peptone kan náà ṣe, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fura. Ìgbà tí mo yí sí peptone ilé iṣẹ́ Oxoid ni ojú mi wálẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin kọ́, fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, ní nǹkan bíi 40°C. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í pa á, ó kàn máa ń fa ọjọ́ gùn ni. Kó àwọn àwo náà sínú ọ̀rá méjì, kí o so ó pa, torí bí omi bá gbẹ lára agar, iyọ̀ á dì ní hóró jáde. Tèmi dì. Mo ti kà nípa sẹ́ẹ̀lì onígun mẹ́rin tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Anthony Walsby rí nínú omi iyọ̀ ní Sinai lọ́dún 1980, èyí tí ẹnikẹ́ni ò rí tọ́ ní láàbù títí di 2004. Bí mo ṣe rí nǹkan onígun mẹ́rin lórí àwo mi, mo sáré lọ pe ọ̀gá. Ó fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó dún kọ́. Iyọ̀ ni! (Ti Walsby, bí kò bá sí maikirosíkóòpù, ojú ò lè rí i.)

Nígbà tí tèmi wá hù, tó pupa bí epo, mo tún fi omi lásán fọ̀ ọ́ kí n tó fi aró kùn ún láti wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ó di yọ̀rọ̀, ó ń fà bí ilá. DNA wọn ló tú síta yẹn. Jẹ́ kó gbẹ lórí gíláàsì, kí o rì í sínú acetic acid 2% fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí omi tó kàn án.

Lóòótọ́ ni orúkọ rẹ̀ ní bacterium, àmọ́ archaea ni, ìran ẹ̀dá aláìfojúrí mìíràn tó yàtọ̀ sí bakitéríà. Ampicillin, oògùn tó ń pa bakitéríà, ò lè ṣe é ní nǹkan kan, torí náà mo máa ń fi díẹ̀ sí agar láti lé àlejò tí mi ò pè.

Ní ti iyọ̀ tí o máa fọ́n sórí agar, má lo iyọ̀ lẹ́búlẹ́bú inú páálí. Wá èyí tí oòrùn gbẹ, oníhóró ńlá, bíi ti Ada ní Ghana. Ìyá oníṣòwò kan ló bá mi ra tèmi bọ̀, ó ṣì ń bi mí títí dòní bóyá ọbẹ̀ yẹn dùn.