Lọ, àbúrò mi: èmi náà ti dúró síwájú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi rí

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo tún un kà. O ní ọdún kẹsàn-án rẹ rèé tí o ti ń kọ́ praimárì kejì ní Oǹdó, pé ọ̀gá yín fẹ́ kí o fi bí o ṣe ń kọ́ ọmọ níwèé kíkà han àwọn olùkọ́ ilé-ìwé tó yí yín ká, àti pé láti ìgbà náà ni oorun ò ti kùn ọ́ mọ́. O wá ń bèèrè bóyá kí o ní ara rẹ ò yá. Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi sọ pé ara mi ò yá nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí, odidi ọdún méjì ló sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó tún dárúkọ mi.

Olùkọ́ tó ní NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí kò tó dìgírì, ni mí nígbà náà, ní ilé-ìwé kan ní Àkúrẹ́ níbí, mo sì ti lo ọdún mọ́kànlá. Kò sí ohun tí ọmọdé lè ṣe nínú kíláàsì tó lè bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà kan ṣáà wọlé kó lọ dúró lẹ́yìn, ọ̀fun mi á gbẹ. Nígbà tí wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ. Ẹ̀rù ò tíì tán lára mi o. Má dúró de ìgbà tí yóò tán, torí kò ní tán nílé.

Àmì ohùn ni mo kọ́ wọn. Mo gbé igbá kan dání láti ilé. Mo kọ "igbá" sójú pátákó, mo ní ká fi orin gbé e: re-mí. Mo kọ "igba": re-re. "Ìgbà": dò-dò. "Igbà" tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ: re-dò. Òógùn ọwọ́ mi ti rin ṣọ́ọ̀kì, ẹ̀ẹ̀mejì ló kán. Ìgbà tí a dé orí igbà ọ̀pẹ ni obìnrin kan níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ lulẹ̀ sí i, ni gbogbo gbọ̀ngàn bá gbè é. Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni bàbá kan dìde lẹ́yìn. Ó ní, "Olùkọ́, ọmọ Àkúrẹ́ rí 'ilé' nínú ìwé, ó kà á sí 'ulé' bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn. Ṣé ó mọ̀wéé kà ni, àbí kò mọ̀ ọ́n?"

N kò mọ èsì rẹ̀. Gbogbo ojú wà lára mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò lè sọ báyìí, mà á wádìí rẹ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀, mo jókòó, mo rò pé mo ti tẹ́.

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ gbogbo ohun tí àwọn ọmọ mi bá kà yàtọ̀ sí bó ṣe wà nínú ìwé sínú rẹ̀. Kí táàmù tó parí, ó yé mi. Ọmọ tó rí "ilé" tó pè é ní "ulé" ti kà á. Ó mọ ohun tó rí, ẹnu ilé wọn ló fi sọ ọ́. Ọmọ tó rí "ilé" tó pè é ní "ùlú" ló ń méfò. Àwa sì ti ń bá àwọn méjèèjì wí bákan náà! Ó dùn mí wọra nígbà tí mo rántí àwọn tí mo ti fi pàṣán gbá lọ́wọ́ nítorí "ulé".

Ìwé kékeré yẹn ni mo gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó nígbà tí mo lọ fi sandwich, ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi, ka dìgírì, òun náà ni mo sọ di iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ibẹ̀ ni mo ti kà pé láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀, ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Ohun tó ń dà mí láàmú láti ọjọ́ yìí ti ní baba.

Kò rọrùn o. Nígbà tí àwọn yòókù ń jẹ ìsinmi gígùn, ọ̀nà Ọ̀wẹ̀nà ni mo wà, owó àjọ ni mo sì fi sanwó ilé-ìwé. Ìdánwò TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, náà ńkọ́, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọmọkùnrin kan tí mo ti kọ́ rí ló di ọwọ́ mi mú lórí mouse títí tí mo fi mọ̀ ọ́n tẹ̀. Mo kúrò ní ìsọ̀rí D tí wọ́n ń fi olùkọ́ NCE sí, mo bọ́ sí C láàrin àwọn onídìgírì.

Nítorí náà, lọ. Ohun kan ṣoṣo ni kí o mú lọ, èyí tí o mọ̀ jù lọ. Kọ́kọ́ ṣe é fún olùkọ́ kan ní ilé-ìwé yín nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde lọ ṣeré. Bí wọ́n bá gbà fún ọ, mú ọmọ mẹ́rin dání láti kíláàsì rẹ. Bí o bá ti ń wojú wọn, ohùn rẹ á padà wá. Bí ẹnì kan bá sì bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, sọ fún un pé o kò mọ̀, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀.

Ìwé mi yẹn ṣì wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ Àkúrẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ti àwọn ọmọ Oǹdó kò sí níbẹ̀. Ra tìrẹ kó tó di ọjọ́ Ajé.