Kí ló dé tí aláró fi ń yọ aṣọ sáfẹ́fẹ́, tó tún ń rì í bọ aró?

Ẹ béèrè bóyá ètùtù Ìyá Màpó ni bí àwọn ìyá aláró ṣe máa ń yọ aṣọ nínú ìkòkò, tí wọ́n á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́, tí wọ́n á tún rì í padà. Òótọ́ ni pé Ìyá Màpó ni aláró ń bẹ̀ kí aró má baà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n títẹ́ aṣọ sáfẹ́fẹ́ kì í ṣe ètùtù. Iṣẹ́ gan-an nìyẹn, lójú tèmi ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n aró jinlẹ̀ sí jù.

Ẹ wo aṣọ bó ṣe ń jáde: kò dú rárá. Àwọ̀ ewé tó ń pọ́n ló ní, kó tó di pé ó ń ṣú díẹ̀díẹ̀ lójú yín. Mólékù aró, ìyẹn àwọn ẹyọ rẹ̀ tó kéré jù lọ, fẹ́ràn ara wọn púpọ̀. Háídrójìn ọ̀kan a di ọ́síjìn èkejì mú, wọ́n á tò léra bí àwo, omi ò ní lè là wọ́n. Irú aró bẹ́ẹ̀ kò lè wọ òwú. Nígbà tí èlú bá ń kẹ̀ nínú omi eérú, àwọn kòkòrò àìfojúrí á fún mólékù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, ìyẹn ẹyọ tíntìntín tó ń gbé iná mànàmáná. Ìdìmú á tú, aró á yòrò, á wọnú òwú. Afẹ́fẹ́ ló máa gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ọ̀hún padà. Ni mólékù bá tún di ara wọn mú nínú òwú, tí omi ò fi ní rí wọn fọ̀ kúrò bọ̀rọ̀. Rírì kọ̀ọ̀kan ń fi kún aró tó ti wà níbẹ̀.

Ìdìmú yìí kan náà ṣiṣẹ́ fún àwọn onímọ̀ ní Linz, lórílẹ̀-èdè Austria, tí wọ́n fi aró ṣe tiransísítọ̀, ohun kékeré tó ń darí iná mànàmáná nínú ẹ̀rọ, ní 2012. Wọ́n fi iná sọ aró di oru níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, ó sì balẹ̀ di awọ fẹ́lẹ́ lórí ohun kan tó dà bí ìda. Lórí ìda yẹn, mólékù tò súnmọ́ra débi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fi ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Bí títò wọn bá dàrú, ìrìn náà á falẹ̀. Awọ ọ̀hún ń gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ó sì tún ń gbé àyè òfìfo tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fi sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló lè ṣe méjèèjì.

Bí ẹ bá fẹ́ rẹ aṣọ fúnra yín, ẹ má kánjú rì í padà. Ẹ tú gbogbo ibi tó ká síra, kí àwọ̀ ewé parẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú.