Ṣé Ìyẹ̀fun Fáíbà Ló Ń Mú Ara Mi Yún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé ara mi kì í gba hísítámìnì púpọ̀ (èròjà kan tó máa ń wà nínú oúnjẹ tí a bò tàbí tó ti pẹ́ nílẹ̀): bí mo bá ti jẹ ọbẹ̀ tí irú pọ̀ nínú rẹ̀ tàbí ẹja gbígbẹ, ojú mi á pọ́n, orí á fọ́ mi, ara á sì máa yún mi. Nítorí àìrígbẹ́yà, mo ra ìyẹ̀fun psyllium, fáíbà tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, èyí tí wọ́n fi adùn ọsàn sí, ṣíbí ńlá 2 ni mo sì ń pò mu láràárọ̀. Láti ìgbà náà ni inú mi ti ń wú, tí ara sì tún ń yún mi. Ṣé fáíbà náà ní hísítámìnì nínú ni? — Ìyá Àdùnní, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ dá a dúró ná, Màmá, títí dókítà yóò fi rí yín. Èèpo kóró ewéko kan tí wọ́n ń gbìn púpọ̀ ní Íńdíà ni psyllium; wọn kì í rẹ ẹ́ títí yóò fi kan bí ògì, kò sì jọ irú, èyí tí a ń bò mọ́ inú igbá fún ọjọ́ 2 tàbí 3 kí àwọn kòkòrò àìfojúrí lè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, tí wọ́n sì lè mú hísítámìnì jáde nínú purotéènì rẹ̀. (Iná ọbẹ̀ kì í sì í pa hísítámìnì yìí, bí ó ti wù kí a sè é pẹ́ tó.)

Inú wíwú yẹn kò yà mí lẹ́nu. Ẹ bu díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun náà sínú ife omi, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5: yóò ki, yóò sì máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń fa omi nínú ìfun, ṣíbí ńlá 2 lẹ́ẹ̀kan náà sì pọ̀ jù fún ẹni tí kò tíì mọ́ lára.

Ara yíyún ni ó kàn mí jù. Ó lè jẹ́ adùn ọsàn àti àwọ̀ tí wọ́n pò mọ́ ọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí hísítámìnì ń dà láàmú ni ọsàn kì í bá lára mu. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé psyllium gan-an ni ara yín kọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn nọ́ọ̀sì kan tí eruku rẹ̀ ń kó sí nímú nígbà tí wọ́n ń pò ó fún aláìsàn. Bí ètè tàbí ọ̀fun bá wú, tàbí tí èémí kò já gaara, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì tún tọ́ ọ wò mọ́.

Bí dókítà bá ní kò léwu, ẹ ra èyí tí kò ní àdàlù, kí ẹ fi ìlàjì ṣíbí kékeré bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi tí kò dín ní mílílítà 240, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tó wákàtí 2 sí ìgbà tí ẹ bá lo oògùn mìíràn, torí pé ó lè dí oògùn lọ́wọ́. Ẹ má fi inulin, oríṣi fáíbà mìíràn, rọ́pò rẹ̀. Gáàsì tirẹ̀ tún pọ̀ ju èyí lọ. Títí dìgbà náà, ọ̀dùnkún tí a sè pẹ̀lú èèpo rẹ̀ àti ilá náà ní fáíbà. Irú àti ẹja gbígbẹ ni kí ẹ yọ kúrò nínú ọbẹ̀ ilá ọ̀hún.