Ẹ Bi Onífọ́tò: Megapixel mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, kí ló dé tí owó wọn kò dọ́gba?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ ni mí ní Òṣogbo, mo sì ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Fọ́tò yíyà ni mo fi ń najú, n kò fi ṣòwò. Fóònù ni mò ń lò títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ ya ẹni tó wà lókèèrè nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ojú rẹ̀ kì í hàn dáadáa. Ọkùnrin kan tó ń ta kámẹ́rà tòkunbọ̀ kó mẹ́ta wá fún mi: Sony W830, Sony RX100 III àti Canon G7 X Mark II. Ó ní megapixel 20 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. W830 kò wọ́n rárá, àwọn méjì yòókù sì wọ́n ju owó oṣù mi lọ. Ọmọ mi ní kí n ra èyí tí kò wọ́n, pé megapixel ni gbogbo nǹkan. N kò fẹ́ kámẹ́rà ńlá tó ń pààrọ̀ lẹ́ńsì, èyí tí mo lè fi sápò ni mo fẹ́. Láìsí awò, n kò lè ka ohun tó wà nítòsí. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ má ra W830. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ megapixel yìí ti jẹ owó ọ̀pọ̀ èèyàn gbé, ó sì ń dùn mí.

Iye àmì tín-ín-tín tí fọ́tò pín sí ni megapixel ń sọ. Kò sọ bí ìmọ́lẹ̀ tó dé ara àwọn àmì náà ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ni fọ́tò. Sẹ́ńsọ̀ ló ń gba ìmọ́lẹ̀, ìyẹn pátákó kékeré tó wà lẹ́yìn lẹ́ńsì, níbi tí fíìmù máa ń wà nígbà tí èmi kọ́ṣẹ́. Sẹ́ńsọ̀ W830 jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 6.2 sí 4.6. Ti RX100 III àti ti G7 X Mark II jẹ́ mílímítà 13.2 sí 8.8. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Àmì 20 mílíọ̀nù kan náà ni wọ́n há sórí èyí tó kéré, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ rárá. Àmọ́ ẹ̀yin ará Òṣogbo mọ Igbó Ọ̀ṣun jù mí lọ: abẹ́ igi ibẹ̀ máa ń ṣú lọ́sàn-án gangan, inú oṣù kẹjọ tí ọdún náà máa ń bọ́ sí sì ni òjò àti ìkùukùu. Ibẹ̀ ni W830 ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò tó rí ṣákaṣàka bí ìgbà tí wọ́n da iyanrìn sí i lára.

Lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀, ẹ wo nọ́ńbà f tí wọ́n kọ síwájú lẹ́ńsì. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré sí ni ojú lẹ́ńsì ṣe lè là sí. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà níbẹ̀: ti àkọ́kọ́ ni ìgbà tí ẹ kò tíì fa lẹ́ńsì, ti ìkejì ni ìgbà tí ẹ bá fà á dópin láti mú ẹni tó jìnnà sún mọ́ tòsí. Ti àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń tà á máa ń fi yangàn. Ti ìkejì ni kí ẹ máa wò, nítorí ìgbà tí ẹ bá fa lẹ́ńsì ni ẹ ń ya èèyàn. W830 bẹ̀rẹ̀ láti f/3.3, ó sì parí sí f/6.3. RX100 III bẹ̀rẹ̀ láti f/1.8, ó sì parí sí f/2.8. Ìmọ́lẹ̀ tí f/2.8 ń gbà jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ti f/6.3. Ẹ sì ṣọ́ra pẹ̀lú orúkọ náà, torí RX100 pọ̀. Ti àkọ́kọ́ tó jáde lọ́dún 2012 bẹ̀rẹ̀ láti f/1.8 bákan náà, àmọ́ f/4.9 ló parí sí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà níbẹ̀ kò ju ìdá mẹ́ta ti III lọ. Kí ẹ rí i dájú pé III ni, kí ẹ tó yọ owó.

Ó ku méjì. Ká sọ òótọ́, Canon yẹn dára gan-an. Lẹ́ńsì rẹ̀ lọ láti 24 dé 100 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe pọ̀ sí ni lẹ́ńsì ṣe ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ tòsí), f/2.8 náà ló sì parí sí, nígbà tí ti Sony dúró sí 70. Ẹ lè fi ọwọ́ kan gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ẹ fẹ́ kó mú, bí ẹ ti ń ṣe lórí fóònù. Sony kò ní ìyẹn. Ká ní ọmọ yín ló kọ lẹ́tà yìí, Canon ni ǹ bá ní kó rà.

Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ kò lè ríran nítòsí láìsí awò. Canon yìí kò ní ihò tí à ń fi ojú kan wò. Gíláàsì ẹ̀yìn nìkan ló ní, tí oòrùn bá sì tàn sí i, ẹ̀yin á kàn máa méfò ni, awò lójú tàbí láìsí awò. Ihò yẹn wà lára RX100 III. Ẹ máa ti bọ́tìnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, á yọ jáde lókè, ẹ ó wá fi ọwọ́ fa ojú rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ohun kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí ẹ máa tì síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ohun tí ẹ ń wò á fi mọ́ kedere lójú yín láìlo awò. Ẹni tó bá ti ń bọ́ awò, tó ń wọ awò láàárín èrò ọdún mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ti pé Sony kò jìn tó Canon, tí ẹ bá gé fọ́tò tí ẹ yà ní 70 kó lè dà bí ti 100, megapixel 10 ló máa kù, ìyẹn sì tó tẹ̀ sórí pépà íǹṣì 8 sí 12 láìbàjẹ́. Nítorí náà, RX100 III ni mo mú fún yín.

Ohun kan wà tí kò sí kámẹ́rà tó máa bá yín ṣe é. Kámẹ́rà kò mọ bí ohun tí ẹ ń yà ṣe dúdú tàbí funfun tó gan-an. Gbogbo ohun tó bá rí ló fẹ́ sọ di àwọ̀ eérú, kó má dúdú, kó má funfun. Tí àwọn olùsìn bá wọ aṣọ funfun, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú wọn á sì ṣú. Ẹ fi ọwọ́ yín gbé ìmọ́lẹ̀ sókè sí +0.7 tàbí +1. Tí bàbá kan bá wọ ẹtù, tó dúró síwájú ilẹ̀kùn dúdú, òdìkejì ló máa ṣe, ojú bàbá á máa dán bí ẹni fi òróró pa á. Ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ wá sí −0.7. Lórí RX100 III, ìsàlẹ̀ àgbá kékeré tó wà lẹ́yìn ni ẹ máa tẹ̀ fún èyí. Canon fi àgbá tirẹ̀ lọ́tọ̀ sórí, ó sì yá ju ti Sony lọ, n kò ní pa irọ́. Àwọ̀ ara wa lẹ́wà, ó sì ń bí mi nínú bí mo bá rí fọ́tò tó sọ ọ́ di èédú tàbí eérú. Ẹ tún jẹ́ kó máa tọ́jú fáìlì RAW (ohun tí sẹ́ńsọ̀ gbà gan-an, tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) pẹ̀lú JPEG (fọ́tò tí kámẹ́rà ti ṣe parí), kí ẹ lè fọ fọ́tò náà fúnra yín lórí kọ̀ǹpútà. W830 kò ní RAW rárá.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ mú mẹ́mọ́rì káàdì tiyín lọ. Ẹ fa lẹ́ńsì dópin, ẹ gbé e sí f/11, ẹ ya ògiri funfun, kí ẹ sì wo fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà. Tí ẹ bá rí àmì roboto dúdú, eruku ti wọ inú rẹ̀. Lẹ́ńsì rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a lè tú kúrò lára rẹ̀, ẹ kò sì lè nù ún fúnra yín, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tan án, ẹ pa á léraléra, ẹ tẹ́tí sí ìró lẹ́ńsì bó ṣe ń jáde. Kò gbọdọ̀ há. Ẹ yọ ihò ìwòran náà, ẹ tì í padà. Ẹ ṣí ojú ewé èdè: èyí tí Sony ṣe fún àwọn ará Japan kì í ní èdè mìíràn ju tiwọn lọ, ẹ kò sì lè yí i padà níbẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá fi nọ́ńbà orí fọ́tò ṣe ẹ̀rí pé wọn kò tíì lò ó púpọ̀, ẹ má gbà, torí nọ́ńbà yẹn máa ń padà sí 1 tó bá ti kọjá 9999. Bátìrì rẹ̀, NP-BX1, kan máa ń ya fọ́tò bíi 320. Méjì ni kí ẹ ní fún ọjọ́ ọdún. Iná NEPA kò ní dà yín láàmú, torí ẹ lè fi wáyà micro USB àti power bank sá a tí ẹ bá ti pa á.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ìlọrin ni mo wà. Mo fẹ́ ra Ricoh GR III fún fọ́tò àdúgbò, àmọ́ wọ́n ní eruku máa ń wọ inú rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ara rẹ̀ kò ní ohun tó ń dènà eruku, lẹ́ńsì rẹ̀ sì máa ń yọ jáde nígbàkúùgbà tí o bá tàn án. Nígbà ọyẹ́ ní Ìlọrin, má ṣe jù ú sápò ṣòkòtò láìfi nǹkan wé e. Wá àpò kékeré tó ní síìpù, kí o sì fẹ́ eruku kúrò lójú lẹ́ńsì kí o tó pa á. Ó lè gbọn eruku kúrò lára sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ kò lè gbọn ti inú lẹ́ńsì.

Síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti RX100, ó sì wọ àpò. Kò ní fíláàṣì, kò ní súùmù, ojú 28 nìkan ló ní, nítorí náà ìwọ ni wàá máa fi ẹsẹ̀ sún mọ́ ẹni tí o fẹ́ yà. Ìyẹn dára fún ọjà àti títì. Tó bá jẹ́ ojú èèyàn lo fẹ́ràn láti máa yà, 28 máa ń mú kí imú tóbi tí o bá sún mọ́ni jù. Béèrè GR IIIx tó jáde ní 2021, tirẹ̀ jẹ́ 40.