Ọjà Ẹlòmíràn Ń Gba Ọkàn Mi Nínú Àdúrà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ọjà Atakúnmọ́sà n'Iléṣà ni mo ti ń tajà. Bí mo bá kúnlẹ̀ ní ìdájí, títà aládùúgbò mi ni mo máa ń rò. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ ka Sáàmù 131 sókè lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tọrọ ohunkóhun. Ẹsẹ 3 péré ni. Ẹ dúró pẹ́ lórí ẹsẹ kejì: ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú kò sunkún wàrà mọ́, ìyá rẹ̀ gan-an ló fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dárúkọ aládùúgbò yín, kí ẹ súre fún ọjà rẹ̀. Èyí ló nira jù, ẹ má fò ó. Bí ìlara bá tún yọjú, ẹ padà sí ẹsẹ kejì. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ní òun kọ́ ìtẹ́lọ́rùn ni (Fílípì 4:11), inú ìdè ló sì ti kọ̀wé náà.