Èsì: Ta ló tẹ ìjọ Àgùdà Topo dó?

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé àwọn tó ti Brazil dé ló dá ìjọ Àgùdà Topo, lẹ́bàá Àgbádárìgì, sílẹ̀, nítorí orúkọ "Àgùdà" yẹn, tí wọ́n fi ń pe ìjọ Kátólíìkì àti àwọn tó ti Brazil dé. Rárá o. Àwọn fadá SMA (Society of African Missions), ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon nílẹ̀ Faransé ní 1856, ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1876.

Àmọ́ ìbéèrè yín nídìí. Kí fadá tó wá fi Èkó ṣe ibùgbé ní 1868, Padre Antonio, ẹni tó ti ṣẹrú rí kó tó ti Brazil bọ̀, ló ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà, tó ń ri àwọn ọmọ wọn bọmi, tó sì ń sin òkú wọn. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí rẹ̀. Kì í ṣe fadá, síbẹ̀ kò jẹ́ kí iná náà kú.

Ní ti Topo, oko ni, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lásán. Àárín ọ̀sà àti òkun ló wà, orí iyanrìn. Àgbọn ni wọ́n gbájú mọ́. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbin àgbọn: odindi èso tòun tèèpo ni wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n á bo ìdajì rẹ̀ mọ́ iyanrìn, títí yóò fi hù. Owó oko yìí ni wọ́n fẹ́ fi gbọ́ bùkátà ìjọ, kí àwọn onígbàgbọ́ tuntun sì rílẹ̀ gbé pẹ̀lú ìdílé wọn. Àwọn sísítà dé bá wọn níbẹ̀ ní 1892.